Èdè Tí Igi Ń Sọ: Láti Ilẹ̀kùn Ọ̀yọ́-Ilé Dé Àga Ọba Ilẹ̀ Ṣáínà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀kùn àti òpó ilé àwọn baba ńlá wa ti rí ní igba ọdún sẹ́yìn, agbègbè Òkè-Ògùn ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀. N kò sọ èyí nítorí pé Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Lára àwọn àkọsílẹ̀ tí ó pẹ́ jù lọ tí a ní lórí igi gbígbẹ́ nínú ilé àwọn Yorùbá ni èyí tí Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ṣe nígbà tí ó la ilẹ̀ ọ̀dàn wa kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826.

Àgbádárìgì ni Clapperton ti gúnlẹ̀ ní ìparí ọdún 1825. Ó la igbó kìjikìji kọjá. Àìsàn pa nínú àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ kò gbádùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826 ó gba Ṣakí kọjá, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 23 oṣù náà, ó wọ Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí òun ń pè ní Katunga gẹ́gẹ́ bí àwọn Haúsá ti ń pè é. Aláàfin Májòtú ni ó wà lórí oyè. Àlejò náà lò ju oṣù kan lọ nínú ìlú kí ó tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀bá Ṣókótó ni ó kú sí ní ọdún 1827, ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, ni ó sì kó ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ ń kọ lójoojúmọ́ padà sílé. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní London ní ọdún 1829.

Nínú gbogbo ìwé ńlá yẹn, ìlà díẹ̀ péré ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Clapperton sọ pé àwọn ará Ọ̀yọ́ fẹ́ràn láti máa gbẹ́ ọnà sí ara ilẹ̀kùn àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, àti pé ère ọkùnrin àti obìnrin wà ní ìdúró nínú àgbàlá. Ó wá ka àwọn àwòrán tí ó rí jù lọ lára ilẹ̀kùn àti òpó wọ̀nyẹn: erè ńlá tí ó gbé ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹtu há ẹnu, àwọn ọkùnrin tí ń kó ẹrú, àti, nígbà mìíràn, ọkùnrin kan lórí ẹṣin tí ó ń fa àwọn ẹrú tẹ̀ lé ẹ̀yìn. Ó parí síbẹ̀. Ó kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka àwọn ìlà wọ̀nyẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ohun kan náà ni ó sì máa ń jẹ mí lọ́kàn nígbà gbogbo. Ọkùnrin yìí kò béèrè. Ta ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà? Kí ni wọ́n ń pe àwòrán tí ó wà lára rẹ̀? Ọ̀rọ̀ wo ni onílé ń bá ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ sọ? Ojú Clapperton là, mo gbà bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni ó gbé wá sí Ọ̀yọ́; kò gbọ́ èdè ìlú, kò sì sí etí tí yóò fi gbọ́ ohun tí igi ń wí.

Ohun tí ó mú mi padà sí ìwé yìí pẹ̀lú ọkàn mìíràn ni tábìlì kan tí mo rí ní mùsíọ̀mù Victoria and Albert ní London. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe tábìlì náà, ní sáà ọba Xuande, láàrin ọdún 1426 sí 1435. Ó pupa láti òkè dé ẹsẹ̀. Dírágónì, ẹyẹ ọlọ́lá tí wọ́n ń pè ní fenghuang, àti òdòdó oríṣiríṣi ni wọ́n fín sí i lára, débi pé agbára káká ni a fi lè rí ibi tí ó tẹ́jú tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé igi ni wọ́n fín. Igi wà nísàlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oje igi ni wọ́n fín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀, nítorí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Igi kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n máa ń kọ lára, bí a ti ń kọ igi rọ́bà lára, tí oje rẹ̀ yóò máa kán sínú ohun tí wọ́n bá gbé sí i nídìí. Oje tútù yìí a máa mú kí ara ẹni wú, kí ó sì máa yún ni. Wọ́n a sẹ́ ẹ, wọ́n a po èròjà pupa tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n a sì fi kun igi ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gan kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Fún irú iṣẹ́ tí wọn yóò fín ọnà sí, ìpele náà a máa tó ọ̀pọ̀ mẹ́wàá, a sì máa lé ní 100 nígbà mìíràn. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni oje náà ń nípọn, títí yóò fi gba ọ̀bẹ. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni pé oje yìí kì í gbẹ dáradára nínú oòrùn. Inú yàrá tí ọ̀rinrin wà ni ó ti ń gan. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà wá sí Ṣakí nígbà ọyẹ́, nígbà tí ètè ń là tí awọ ìlù ń le koránkorán, oníṣẹ́ yóò jókòó ti oje rẹ̀ lásán ni.

Síbẹ̀, oje náà kì í ṣe àjèjì sí wa tán. Igi tí ó ń mú un wá bá mángòrò àti kajú tan. Àwọn àgbẹ̀ wa ní Òkè-Ògùn tí ó ń gbin kajú mọ bí epo inú èèpo kóró rẹ̀ ti ń bó ènìyàn lára. Ìbátan ni oró inú epo yẹn àti ti oje ilẹ̀ Ṣáínà. Ní Japan, wọ́n tilẹ̀ ti ń fi epo èèpo kajú ṣe ọ̀dà tí wọ́n ń lò dípò oje náà. Ìgbàkígbà tí mo bá rí òkìtì èèpo kajú tí wọ́n dà nù lẹ́bàá ọ̀nà, tábìlì ọba Xuande a máa sọ sí mi lọ́kàn.

Bí oje náà bá ti gan, omi kò ràn án mọ́, kòkòrò kì í sì í fẹ́ jẹ ẹ́. Ní Hemudu, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n wú abọ́ igi kan tí ó ti tó nǹkan bí 7000 ọdún nínú ilẹ̀, pupa oje náà sì ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ rántí èyí. A óò padà sí i.

Ohun kan wà lára tábìlì London yẹn tí ó jọ mí lójú ju gbogbo ọnà rẹ̀ lọ. Dírágónì tí èékánná rẹ̀ pé márùn-ún ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti ọba ni. Lára tábìlì yìí, ẹnì kan ti fi irin ha èékánná kọ̀ọ̀kan kúrò ní ẹsẹ̀ àwọn dírágónì náà, kí ó lè ku mẹ́rin mẹ́rin. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé nígbà tí tábìlì náà kúrò láàfin, tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ohun ọba, ni wọ́n ha á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ wàhálà tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ adé ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀ wa, ẹni tí ó lè dé e àti ẹni tí kò gbọdọ̀ dé e, kò ní béèrè pé kí ni èékánná dírágónì já mọ́.

Ti dírágónì yẹn, ojú lè kà á bí wọ́n bá ti sọ òfin rẹ̀ fún un. Púpọ̀ nínú ọnà ara àga àti ibùsùn ilẹ̀ Ṣáínà ni ojú kò lè kà rárá. Ẹ wo àdán. Láàrin wa, ẹranko tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn yóò gbẹ́ sí ara ibùsùn ìyàwó tuntun. Òru ni a mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn tí ń rìn lóru ni a sì ń bá a kà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ṣáínà, àdán wà lára ibùsùn, ó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó wà lára àga ọba. Kò sí àṣírí mìíràn níbẹ̀ ju èdè lọ: fú ni wọ́n ń pe àdán, fú náà ni wọ́n ń pe ire. Bí ẹnì kan bá gbẹ́ àdán sí ara àga rẹ, ire ni ó kí ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja, tí í ṣe yú, ṣe ń dúró fún àníṣẹ́kù, tí òun náà ń jẹ́ yú. Àgbọ̀nrín ni lù. Owó oṣù ìjòyè ọba ni lù. Ìgò òdòdó ni píng. Àlàáfíà ni píng.

Wọ́n a gbẹ́ àdán márùn-ún papọ̀, láti dúró fún ire márùn-ún tí ìwé àtijọ́ wọn kà sílẹ̀: ẹ̀mí gígùn, ọrọ̀, ìlera, ìfẹ́ ìwà rere, àti ikú wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́jọ́ ogbó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ire márùn-ún yìí, mo wá ọmọ níbẹ̀ bí Yorùbá yóò ti wá a, n kò rí i. Àṣé ibòmíràn ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Èso pómégíránétì, tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, ni wọ́n máa ń là sí méjì lára igi kí kóró inú rẹ̀ lè hàn yẹbẹyẹbẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún kóró àti fún ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọgbọ́n yìí jìnnà sí wa. Kí ni àwa ń pe kóró tí a fi ń ta ayò? Ọmọ ayò ni.

Èyí ni ó mú mi rántí àrokò. Gbogbo wa ni a kọ́ ọ nílé ìwé pé àwọn baba wa ń fi owó ẹyọ tí a sin mọ́ okùn ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹyọ mẹ́fà tí ọ̀dọ́mọkùnrin fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, ẹ̀fà ni: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọmọbìnrin bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹni tí wọ́n fi òòyà ránṣẹ́ sí yóò mọ̀ pé ọ̀nà ti yà. Bí a bá fi ẹyọ mẹ́fà yìí han òyìnbó, yóò kà á pé mẹ́fà. Bí a bá fi àdán han ọmọ Yorùbá lára àga Ṣáínà, yóò rí ẹran òru. Àwọn méjèèjì rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ nínú wọn.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, kókó kan wà tí n kò ní fẹ́ kí á fò. Èdè olóhùn ni tiwa, èdè olóhùn ni tiwọn. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí mo kà sílẹ̀ yìí, ohùn kò yẹ̀. Ohùn kan náà ni àdán àti ire ní lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà, ohùn kan náà ni ẹja àti àníṣẹ́kù ní. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí fà, òun náà ni ó wà nínú ẹ̀fà. Ohùn àárín ni ó wà lórí jọ, òun náà ni ó parí ẹ̀jọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ túmọ̀ ọnà gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ohùn, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí a kò lè fi igi sọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni erè tí Clapperton rí. Lọ́dọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń nawọ́ nínú kíláàsì mi pé òun ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀: pé erè lára ilẹ̀kùn jẹ́ èrè ọjà, ìyẹn ni pé onílé ń wá ọrọ̀. Òmíràn á ní erè ni ère fúnra rẹ̀, pé gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ dárà ni. Ó dùn ún gbọ́. Mo sì máa ń kọ̀ ọ́. Ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lórí erè, ère àti èrè. Lóòótọ́, àwọn ọlọ́fọ̀ a máa fi ohùn ṣeré nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọlọ́fọ̀ ní ọfọ̀ lẹ́nu tí a lè gbọ́. A kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti ẹnu àwọn tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn Ọ̀yọ́-Ilé. Èrò tèmi, tí n kò sì fi lé ẹnikẹ́ni lórí, ni pé erè tí ó gbé ẹtu mì lẹ́nu ọ̀nà ìjòyè kò nílò ẹ̀dà ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wọlé yóò ti mọ ta ni ẹtu.

Ti ẹlẹ́ṣin yàtọ̀. Níbẹ̀, a ní ju àbá lọ.

Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jẹ gàba. Nínú igbó, ẹṣin kì í pẹ́ kú nítorí àwọn eṣinṣin tí ó ń gbé àrùn kiri. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó ti lè sáré. Láti ìhà àríwá ni wọ́n ti ń rà wọ́n, ẹrú sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń rà wọ́n. Ẹṣin ń mú ẹrú wá, ẹrú ń ra ẹṣin. Nítorí náà, ẹni tí ó gbẹ́ ọkùnrin orí ẹṣin pẹ̀lú àwọn tí a so lókùn lẹ́yìn rẹ̀ gbẹ́ ohun tí ó ń gbé ìlú náà ró, láìfi ọ̀kan kún un, láìyọ ọ̀kan kúrò.

Ọdún márùn-ún kí Clapperton tó dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ogun wọ Òṣoògùn, ìlú tí kò jìnnà sí Ìséyìn. Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí ó sá fún olówó wọn ni ó jẹ́ ogun náà. Wọ́n ju okùn sọ́rùn àwọn tí wọ́n mú, wọ́n sì dà wọ́n lọ sí Ìséyìn. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí ó ń jẹ́ Àjàyí. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n mú. Wọ́n sì pín wọn níyà. Ní Ìséyìn, wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó gba ẹṣin náà rí i pé kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó dá a padà, wọ́n sì dá ọmọ náà padà bákan náà. Ọwọ́ dé ọwọ́, ó dé Èkó, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n lójú omi ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní Sàró ní ọdún 1837. Òun ni a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

N kò mọ ohun mìíràn nínú ìtàn wa tí ó fi àwòrán kan àti ẹ̀rí ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn báyìí. Ilẹ̀ kan náà ni, sáà kan náà ni. Clapperton rí ẹlẹ́ṣin lára igi. Crowther ni ó wà nídìí okùn. Bí a bá sì ro àsìkò náà dáadáa, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ṣì pé, onílé tí ó gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sẹ́nu ọ̀nà lè fi yangàn pé èmi nìyẹn lórí ẹṣin. Ní ọdún 1826, Àfọ̀njá ti ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, òun náà ti kú, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sì ti ń kó ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ́rú. Ilẹ̀kùn náà kò yí padà. Ẹni tí ó ń ṣí i ni ipò rẹ̀ yí padà.

Ohun kan tún wà. Ní ọdún 1843, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe jáde ní London. Ọmọ tí wọ́n fi ra ẹṣin ni ó wá di ẹni tí ó ń to ọ̀rọ̀ èdè wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Àwa tí a ń jókòó lónìí tí a ń jiyàn lórí ohùn erè àti èrè, orí iṣẹ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ ni a jókòó sí.

Nǹkan bí ọdún 1837 ni Ọ̀yọ́-Ilé tú. Ibi tí ó wà wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ báyìí, láàrin Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì. Mo ti kó akẹ́kọ̀ọ́ débẹ̀. Òkìtì ògiri tí ó wó wà níbẹ̀, igi oṣè wà níbẹ̀, àpáàdì pọ̀ bí òkúta. Frank Willett ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1956 àti 1957, àwọn onímọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé láti Yunifásítì Ìbàdàn, bíi Babátúndé Agbájé-Williams, sì tún lọ lẹ́yìn rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n bá, irin ni wọ́n bá. Ta ni yóò bá ilẹ̀kùn? Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n mọ̀ pé ikán kì í tètè jẹ ìrókò àti apá, wọ́n ń fi òrí ra igi, wọ́n ń fi osùn, ẹfun àti aró kùn ún. Ṣùgbọ́n osùn kì í ṣe oje ilẹ̀ Ṣáínà. Òrùlé koríko, iná ọ̀gbẹlẹ̀, òjò ọ̀dàn àti ikán kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú igba ọdún. Abọ́ Hemudu ti pé 7000 ọdún; ilẹ̀kùn Ọ̀yọ́-Ilé kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kí a má sì rò pé bí ohun kan bá ti là lọ́wọ́ ikán, ó ti là nìyẹn. Àga ọba Qianlong tí ó wà nínú mùsíọ̀mù kan náà ní London, tí erin tí ó gbé ìgò wà lára ọnà rẹ̀ láti sọ pé àmì àlàáfíà ti hàn, àwọn ọmọ ogun àjèjì ni ó kó ààfin tí ó wà ní ọdún 1900. Ó dé ọwọ́ mùsíọ̀mù náà ní 1922. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, lọ sí ibi ìpàtẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Mùsíọ̀mù British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á fún owó. Ó gbà pé kí wọ́n fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó láti gba àjẹ́lẹ̀ òyìnbó lálejò. Àwọn ènìyàn gbé àjẹ́lẹ̀ náà sórí, àwọn mìíràn ru ẹrù rẹ̀. Orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà ti ibẹ̀ kò sọnù, ìyẹn ni ó fi sàn ju ti Ọ̀yọ́-Ilé.

Ní Ṣakí lónìí, ilẹ̀kùn irin láti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó gbayì. Inú àpótí páálí ni ó ti ń wá, tòun ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kí ọ̀rẹ́ mi kan kú ilé tuntun, mo sì rí i pé wọ́n tẹ àmì kan sí àárín ilẹ̀kùn náà láàrin òdòdó. Àmì fú ni, ire. Mo bi í bóyá ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ó ní òdòdó ni, pé ó wà lára rẹ̀ nígbà tí òun rà á. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, inú rẹ̀ sì dùn. Ó wá sọ fún mi pé ilẹ̀kùn igi wà ní agboolé bàbá òun tẹ́lẹ̀, tí ó ní ọnà lára, ṣùgbọ́n àwọn kan wá láti ìgboro, wọ́n sì rà á lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n òun ní owó tí kò tó nǹkan.

Mo ní kí ó mú mi lọ sí agboolé náà. Ìyá àgbà kan ṣì wà níbẹ̀, ìyàwó ilé tí ó ti lé ní 80 ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo wá. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Olùkọ́. Ẹlẹ́ṣin kan ni ó wà lára rẹ̀, bàbá wa ni." Kí n tó béèrè ìbéèrè kejì, ó ti bẹ̀rẹ̀ oríkì onílé. Ó kì í fún àkókò gígùn. Mo fi ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ó sinmi, mo béèrè ibi tí ẹṣin náà kọjú sí. Ó ní inú ilé ni, nítorí pé ó ń ti ogun bọ̀ ni. Mo béèrè bóyá ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn wà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pé àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Mo tún béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá okùn wà lọ́rùn wọn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn náà ti gbó kí àwọn tó gbé òun níyàwó wọ ilé náà, pé ọwọ́ àwọn tí ó ń ṣí i tí wọ́n sì ń tì í ti mú kí ibẹ̀ dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Bí okùn bá wà níbẹ̀ rí, òun kò bá a.